Ọ̀gá ti kọ àkòrí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó sì fẹ́ ká pè é ní Open Space. Kí ni kí n ṣe?

Wúrà_Adarí

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ojúgbà mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ torí mo gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn láìpẹ́.

Iṣẹ́ adarí ìpàdé ni mò ń ṣe, nínú gbogbo ọ̀nà tí mo kọ́, Open Space, ìyẹn ìpàdé tí àwọn tó wá fúnra wọn ń kọ àkòrí tí wọ́n sì ń yan ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ wọ̀, ni mo fẹ́ràn jù, torí òun nìkan ni mo rí tí àwọn tó wá sípàdé máa ń gba ìpàdé náà lọ́wọ́ àwọn tó pè é, tí nǹkan ò sì ní dàrú. Ilé-iṣẹ́ kan ti wá pè mí báyìí, wọ́n fẹ́ kó àwọn òṣìṣẹ́ bíi 120 jọ, kí wọ́n jọ wo ìdí tí ẹ̀ka kan kì í fi í mọ ohun tí ẹ̀ka kejì ń ṣe àti ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Mo ní áà, ọ̀rọ̀ dé, ibi tí Open Space ti ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyí: ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo èèyàn, tí kò sẹ́nì kan tó ní ìdáhùn ẹ̀ lápò, tí èrò wọn ò sì ṣọ̀kan lórí ẹ̀.

Àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n fẹ́ fún mi. Wọ́n ní ọjọ́ kan àtààbọ̀ tí mo sọ ti pọ̀ jù, wákàtí mẹ́ta ló wà. Wọ́n ní ọ̀gá àgbà ti kọ àkòrí mẹ́jọ sílẹ̀ káwọn èèyàn má baà fàkókò ṣòfò, iṣẹ́ tèmi ni kí n kàn pín wọn, wọ́n á sì ti kọ orúkọ oníkálukú sí ẹgbẹ́ tó máa wà kí gbogbo ẹ̀ka lè pàdé, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kúrò nídìí tábìlì ẹ̀ àfi tí agogo bá lù. Mánéjà kan á wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí á máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Àga á wà ní ìlà-ìlà, gbogbo ẹ̀ á kọjú síwájú, torí ọ̀gá àgbà máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, wọ́n tún ní kí n rí i dájú pé Open Space ló wà lórí ìwé ìpè torí pé ó dùn ún gbọ́ létí.

Ojúgbà mi kan ní kí n gbà jàre, oníbàárà ló lowó, kò sì sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ Open Space. Èmi náà ò kì í ṣe ẹni tó ń torí ìlànà bínú, mo ti dín in kù síhìn-ín, mo ti fi kún un sọ́hùn-ún, ó sì gbà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé níbo gan-an ni nǹkan náà ti máa ń bàjẹ́? Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn, èwo ni mo lè fún wọn, èwo ni mo gbọ́dọ̀ kọ̀?

BabaLáńre

Wúrà ọmọ mi, ká sọ̀rọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí wọ́n ní kó o wá ṣe yẹn, ìpàdé ọ̀gá ni. Ìpàdé ọ̀gá ò burú, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe é, àmọ́ kì í ṣe Open Space.

Jẹ́ ká lọ síbi tó ti ṣẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ẹ wà. Ní 1983, Harrison Owen, ará Amẹ́ríkà, ṣètò àpérò ńlá kan lórí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń yí padà. Ọdún kan gbáko ló fi ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀: ta ló máa sọ̀rọ̀, ìgbà wo, nínú yàrá wo. Nígbà tó parí, àwọn tó wá gbádùn ẹ̀ o, àmọ́ ohun tí gbogbo wọn títí kan òun fúnra ẹ̀ gbà pé ó dùn jù ni ìsinmi tí wọ́n fi ń mu kọfí, ìyẹn ohun kan ṣoṣo tí kò bá wọn ṣètò. Ọ̀rọ̀ náà wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ṣé kò sí béèyàn ṣe lè ṣe é tí àpérò á fi ní ẹ̀mí ìsinmi kọfí yẹn tí iṣẹ́ gidi á sì tún jáde níbẹ̀? Ló bá rántí ohun tó rí nígbà tó ń ya fọ́tò ní abúlé kan ní Liberia tó ń jẹ́ Balamah, bí ayẹyẹ ọlọ́jọ́ gbọọrọ ṣe ń lọ geere láìsí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ẹ̀, káwọn èèyàn ṣáà ti jókòó yípo. Ní 1985, nígbà tí àpérò ẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta máa wáyé ní Monterey ní California, èèyàn márùnlélọ́gọ́rin jókòó yípo, kò sí àjẹ́ńdà kankan nílẹ̀. Ẹni tọ́rọ̀ kan bá ń jẹ lọ́kàn á jáde sáàárín, á kọ ọ́ sí bébà, á pè é jáde kí gbogbo èèyàn gbọ́, á sì lọ lẹ̀ ẹ́ mógiri. Bí àjẹ́ńdà ṣe délẹ̀ nìyẹn.

Wá fi ìyẹn wo ohun tí wọ́n kà fún ọ. Méjì ló pa á pátápátá: àkòrí tí ọ̀gá ti kọ sílẹ̀ àti èèyàn tí wọ́n so mọ́ tábìlì. Àwọn yòókù kàn ń ṣá a lọ́gbẹ́ ni.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú Open Space, òfin ẹsẹ̀ méjì: tó o bá rí i pé níbi tó o wà, o ò kọ́ nǹkan kan, o ò sì fi nǹkan kan kún un, gbé ẹsẹ̀ ẹ méjèèjì kó o lọ síbi tó o ti máa wúlò. Ọ̀pọ̀ ń rò pé wọ́n kàn fi òfin yẹn tu àwọn èèyàn nínú ni. Irọ́ ni o. Òun ló ń pa alásọjù lẹ́nu mọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bú u, ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ mọ́ gbogbo èèyàn lẹ́nu á kàn gbójú sókè, á rí i pé òun àti àga ló kù. Òun náà ló ń gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn adarí, torí tí ìpàdé bá sú ọ tó o sì jókòó síbẹ̀ tó ò ń wo fóònù, ta lo fẹ́ fẹjọ́ sùn? Àwọn tí Owen pè ní oyin á máa ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á máa gbé ọ̀rọ̀ ibí lọ sọ́hùn-ún. Àwọn tó pè ní labalábá ò ní sí nínú ẹgbẹ́ kankan, wọ́n á kàn dúró sẹ́bàá ògiri, títí ẹnì kan á fi yà sọ́dọ̀ wọn, tí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ sí bébà á sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀ka kan ò ti mọ ohun tí ìkejì ń ṣe, oyin gan-an lohun tí wọ́n ń wá, àwọn kan náà ló wá ní kí oyin jókòó kó má mì títí agogo á fi lù! Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á.

Má fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ yẹn. Tí ọ̀gá yẹn gan-an bá pè ọ́ lọ́la, tó wá ní òun ti gbìyànjú Open Space rí, kò ṣiṣẹ́, kí lo fẹ́ sọ?

Títí_ń_gbọ́

Ẹ̀gbọ́n, ibi tẹ́ ẹ parí ọ̀rọ̀ sí, èmi náà fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ẹ̀sìn. Owen fúnra ẹ̀ ò gba ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí Open Space, ó ní kí gbogbo ayé máa lò ó, káwọn tó bá sì lò ó máa pín ohun tí wọ́n bá rí. Mo ti rí àwọn tó ń torí pé ìwé ìlànà tí wọ́n lẹ̀ mógiri dín kan bínú, pé ìlànà mẹ́rin ló yẹ kó wà níbẹ̀, mẹ́ta ni wọ́n kọ. Ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni.

Ohun témi fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé kí ni àtúnṣe náà ń ṣe, ṣé ó ń yọ nǹkan kúrò ni àbí ó ń kó nǹkan lé e? Owen lo ọ̀pọ̀ ọdún tó kù nínú iṣẹ́ náà láti máa wá nǹkan kan sí i tí òun ò ní ṣe mọ́, gbogbo nǹkan tó bá yọ kúrò, bí nǹkan náà bá ṣì ń lọ, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Torí náà ẹni tó bá yọ eré ìdárayá àárọ̀ kúrò, ẹni tó bá yọ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri kúrò, ẹni tó ní kí adarí má sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, gbogbo wọn ṣì ń bá a bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Wá wo tàwọn oníbàárà Wúrà: wọ́n kó ọ̀rọ̀ sísọ lé e, wọ́n kó àkòrí lé e, wọ́n kó orúkọ lé e, wọ́n kó mánéjà lé e, wọ́n kó agogo lé e. Kò sí ohun tí wọ́n yọ àfi àkókò. Ibẹ̀ lèmi ti mọ̀ pé wọ́n ò tiẹ̀ dojú kọ ibi tí Open Space dojú kọ.

Ní ti àkókò, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀ dáadáa torí wọ́n á bi ẹ́. Èèyàn 120, kí wọ́n jókòó, kó o ṣàlàyé, kí wọ́n kọ àkòrí, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n yan ibi tí wọ́n ń lọ, á tó wákàtí kan kí ó tó parí, tó o bá sì sáré, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Kí wọ́n padà jókòó yípo níparí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nínú wákàtí mẹ́ta, ohun tó kù ni wákàtí kan àtààbọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lè jókòó sọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà sì jinlẹ̀, àbí ẹ̀ẹ̀mejì tó máa dà bíi pé ẹnì kan ń lé wọn bọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún oníbàárà nìyí: ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ tó dáa lẹ rí, ọjọ́ méjì, ẹ óò rí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ gbogbo ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yan ohun tó ṣe pàtàkì jù kí ẹ sì gbà ta ló máa ṣe kí ni, ẹ fi ààbọ̀ ọjọ́ tàbí ọjọ́ kan kún un. Dídín àkókò kù ò ba Open Space jẹ́, èso ẹ̀ ló ń dín kù. Sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n yan èyí tó wù wọ́n.

Ẹlẹ́sẹ̀Méjì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa, tèmi ni pé a ò tíì bi Wúrà ní ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi í. Wúrà, ṣé ọ̀gá yẹn ti mọ ìdáhùn tó fẹ́? Torí tó bá ti mọ̀ ọ́n, tó sì jẹ́ pé ó kàn fẹ́ káwọn òṣìṣẹ́ gbà pé àwọn ló ronú kàn án, má ṣe Open Space fún un kódà tó bá fún ẹ ní ọjọ́ márùn-ún. Owen fúnra ẹ̀ kìlọ̀ pé ká má lò ó níbi tí ẹni tó pè ìpàdé bá ti mọ ibi tó ń lọ tàbí tó gbọ́dọ̀ máa darí ohun gbogbo. Á bí àwọn òṣìṣẹ́ nínú ju kí ẹnikẹ́ni má bi wọ́n léèrè rárá.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìbéèrè ló ní, tó kàn fẹ́ kí gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè yẹn kí gbogbo ẹ̀ka sì pàdé, ṣebí ọ̀nà míì wà tó bá ohun tó ń sọ mu. World Café nìyẹn. Juanita Brown àti David Isaacs ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1995 nínú ilé wọn ní Mill Valley ní California, òjò ló lé wọn wọlé láàárọ̀ tí wọ́n fẹ́ jókòó yípo níta, káwọn tó kọ́kọ́ dé má baà dúró lásán wọ́n ní kí wọ́n jókòó sídìí àwọn tábìlì kéékèèké tí wọ́n tẹ́ bébà lé, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sí bébà yẹn, ọ̀rọ̀ bá gbèrú. Nínú ẹ̀, adarí ló ń mú ìbéèrè wá. Èèyàn mẹ́rin mẹ́rin tàbí márùn-ún ní tábìlì kan, bí ogún ìṣẹ́jú, gbogbo wọn dìde, ẹnì kan dúró gẹ́gẹ́ bí onílé tí á sọ ohun tí wọ́n ti sọ fún àwọn tó ń bọ̀. Wákàtí mẹ́ta tó o ní yẹn á tó o dáadáa, gbogbo ẹ̀ka á sì para pọ̀ láìjẹ́ pé ẹ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Kó o má wá rò pé o ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà o, òun náà ní ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á kó èèyàn mẹ́wàá jọ sí tábìlì kan nítorí pé tábìlì tó wà nínú gbọ̀ngàn náà tóbi, èèyàn mẹ́ta á sọ̀rọ̀, méje á máa wo ẹnu wọn. Àbí kí ìbéèrè jẹ́ èyí tí ìdáhùn ẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú ọ̀nà tí àjọ Institute of Cultural Affairs fi ń kọ́ adarí ìpàdé, Technology of Participation, èyí tí èmi ń lò jù: nígbà táwọn èèyàn bá to káàdì tí wọ́n kọ èrò wọn sí jọ, àwọn náà ló gbọ́dọ̀ sọ orúkọ tí ọ̀wọ́ káàdì kọ̀ọ̀kan máa jẹ́. Adarí tó bá ń kánjú á kàn fún un lórúkọ, èyí ọ̀rọ̀ owó, èyí ọ̀rọ̀ èèyàn, ó ti parí, ohun tí wọ́n wá ṣe gan-an ló fọwọ́ ara ẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn yẹn. Nínú ìbéèrè onípele mẹ́rin tiwọn náà, kí lẹ rí, báwo ló ṣe rí lára yín, kí ló túmọ̀ sí, kí la máa ṣe, ìpele kejì ni gbogbo èèyàn máa ń fò. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ bó ṣe rí lára ò yẹ ibi iṣẹ́. Tí wọ́n bá wá dé ìpele kẹrin, inú tó ń bí wọn látàárọ̀ á jáde níbi tí wọ́n ti fẹ́ pinnu.

Wúrà_Adarí

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Ẹlẹ́sẹ̀Méjì, mo pe wọn lẹ́yìn tí mo ka tìẹ. Ọ̀gá náà ò ní ìdáhùn lọ́wọ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Ohun tó sọ gan-an ni pé, "Tí mo bá ní kí wọ́n kọ àkòrí tí kò sẹ́ni tó dìde ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù nìkan ni wọ́n kọ ńkọ́?" Àkòrí mẹ́jọ yẹn, òun ló jókòó kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan torí àìrójú sùn. Kí n sòótọ́ àánú ẹ̀ ṣe mí. Kí lẹ máa ń sọ fún ẹni tẹ́rù bá ń bà báyìí? Ọ̀rọ̀ mánéjà ńkọ́, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án.

Ìyá_Ìpàdé

Èmi kì í sábà kọ nǹkan síbí, àmọ́ ìbéèrè yìí fà mí wọlé.

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀gá yẹn, adarí náà ní in, a ò kàn kì í sọ ọ́ ni. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. O ti rìn yí àárín po, o ti ka ìlànà fún wọn, pé ẹni yòówù tó bá wá lẹni tó yẹ kó wá, ìgbà yòówù tó bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀ òun nìkan ló lè ṣẹlẹ̀, tó bá sì parí ó parí. O ti ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó wù ú bọ́ sáàárín wá mú bébà. O wá dákẹ́. Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹnì kan ń wo bàtà ẹ̀. O rí ẹnì kan tó ti fẹ́ dìde, ó tún fẹ̀yìn ti àga. Lójú ẹ ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, aago ń sọ pé ìṣẹ́jú kan ò tíì pé. Ahọ́n á máa yún ẹ kó o sọ̀rọ̀, kó o fún wọn ní àpẹẹrẹ, kó o ṣe ẹ̀fẹ̀. Má sọ nǹkan kan. Tó o bá fún wọn ní àpẹẹrẹ, àpẹẹrẹ yẹn ni ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ máa kọ. Èmi máa ń di ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, mo sì máa ń wo ilẹ̀, torí tí mo bá ń wo ojú wọn, á dà bí ẹni pé mò ń yan ẹni tó máa dìde. Ẹnì kan á wá jáde, ó sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ọ̀gá ò fọkàn sí, á kúnlẹ̀ sílẹ̀ máa kọ ọ́, ìró máàkà yẹn nìkan lẹ óò máa gbọ́. Kó tó dìde, ẹni kejì ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà lo máa rí, ìṣòro tó kù ni kí bébà má tán.

Tó o bá kúrò níbẹ̀, ìdánwò kejì ń bọ̀. Ẹnì kan á na ọwọ́ láti ẹ̀yìn pé àkòrí méjì yìí jọra, ká dà wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni wọ́n. Bi àwọn méjèèjì, tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́, ó dáa, tí ọ̀kan bá ní rárá, fi í sílẹ̀, ẹgbẹ́ méjì tó ń sọ̀rọ̀ kan náà ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹnì kan á lẹ àkòrí mógiri, kò ní sẹ́ni tó wá. Má lọ bá a jókòó kó má baà dá wà. Ó lè jẹ́ pé àkókò tó fi dá wà yẹn ló máa fi kọ ohun tó ti ń rò látọjọ́ yìí. Má wọ ẹgbẹ́ lọ bá wọn tún ọ̀rọ̀ sọ. Mo mọ adarí tó gbóná láti gbèjà Open Space lọ́wọ́ oníbàárà, tí ẹgbẹ́ bá ti wá bẹ̀rẹ̀, á máa lọ láti ọ̀kan sí òmíràn, á máa bi wọ́n pé ṣé ẹ ò ní kan ibi báyìí? Ohun tí oníbàárà fẹ́ ṣe náà kọ́ yẹn? Èmi máa ń kó bébà tó bọ́ sílẹ̀ ni, mo máa ń wò ó bóyá omi ṣì wà.

Ọ̀rọ̀ mánéjà wá. Ẹni tó kọ àkòrí ló ń kọ ohun tí wọ́n sọ, tàbí ẹni tó bá bẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Tó bá jẹ́ mánéjà ló mú bírò dání, ohun tí mánéjà lè gbọ́ nìkan ni wọ́n máa sọ. Ohun tí BabaLáńre ò sì sọ nípa òfin ẹsẹ̀ méjì rèé: ẹni tí ọ̀gá ẹ̀ ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ọ̀gá àgbà bá jókòó sí, kò sẹ́ni tó máa kúrò níbẹ̀ kódà tó bá ń sùn. Torí náà bá ọ̀gá yẹn sọ ọ́ ṣáájú, kí òun fúnra ẹ̀ kọ́kọ́ dìde kúrò nínú ẹgbẹ́ kan lójú gbogbo èèyàn, láàárọ̀ yẹn gan-an, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kó sì bọ́ sí òmíràn. Tí wọ́n bá ti rí i, òfin ti di òfin.

Àkòrí mẹ́jọ yẹn ò ṣòro. Sọ fún un pé òun náà wà nínú àwọn tó jókòó yípo, bébà wà nílẹ̀ fún òun náà. Kó mú èyí tó jẹ ẹ́ lọ́kàn jù nínú mẹ́jọ, kó dìde bíi ti gbogbo èèyàn, kó kọ ọ́, kó fi orúkọ ara ẹ̀ sí i. Méje tó kù, tí wọ́n bá ń dun ẹlòmíì, á jáde.

Títí_ń_gbọ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Ìyá. Ti owó oṣù tó ń bà á lẹ́rù, ohun tó máa yanjú ẹ̀ ni kó sọ ààlà ẹ̀ jáde ní gbangba níbẹ̀rẹ̀. Tí kò bá lágbára lórí owó oṣù, kó sọ pé owó oṣù ò sí lára ohun tí ìpàdé yìí lè yí padà, ìdí ẹ̀ nìyí, gbogbo ohun yòókù ṣí sílẹ̀. Èèyàn máa ń gba ààlà tí wọ́n bá sọ fún un ṣáájú. Èyí tí wọ́n bá fi pa mọ́ títí di ọjọ́ kejì ló ń dá ìjà sílẹ̀. Kó wá fi ìyẹn ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pọ̀.

Káyọ̀dé_orí_ayélujára

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi nǹkan kékeré kan. Tó bá jẹ́ orí Zoom ńkọ́, ṣé òfin ẹsẹ̀ méjì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

BabaLáńre

Ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, Káyọ̀dé. Láti 2020 ni Zoom ti ní ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn yan yàrá kékeré tó máa wọ̀ nínú ìpàdé fúnra ẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tó ń ṣètò ìpàdé ló ń ti èèyàn síbí sóhùn-ún, adarí á wá di ẹ̀rọ. Tan ohun yẹn kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì ní ìwé kan tí gbogbo èèyàn lè kọ nǹkan sí, èyí tó máa dípò ògiri. Tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń pín wọn bó ṣe rí, ìyẹn kì í ṣe Open Space.

Ìyá_Ìpàdé, mo gba èyí tẹ́ ẹ sọ nípa ẹsẹ̀ àti ọ̀gá. Òótọ́ ni.

Wúrà_Adarí

Mo ti kọ̀wé sí wọn. Mo fi nǹkan méjì síwájú wọn: wákàtí mẹ́ta, World Café, ìbéèrè tí èmi àti ọ̀gá máa jọ kọ, mo sì sọ pé orúkọ tó ń jẹ́ ni ká kọ sórí ìwé ìpè. Àbí ọjọ́ kan gbáko, Open Space, àjẹ́ńdà ọwọ́ wọn, kò sí orúkọ tí a kọ sí ẹgbẹ́, ọ̀gá á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nípa ìdí tó fi pè wọ́n àti ààlà ọ̀rọ̀, òun náà á jókòó yípo. Mo ní tí wọ́n bá mú ọjọ́ kan, kí wọ́n má retí ètò iṣẹ́ níparí ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dáa àti àkọsílẹ̀ ni mo lè ṣèlérí, ìyẹn náà tí àwọn tó kọ àkòrí bá kọ ọ́ kí wọ́n tó lọ. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló pè mí padà. Ó bi mí pé ṣé dandan ni kí òun kọ́kọ́ dìde kúrò nínú ẹgbẹ́? Mo ní dandan ni sà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mú ọjọ́ kan.

Ìyá_Ìpàdé, ẹ gbà mí lórí èyí tó kù: mi ò tíì to àga fún èèyàn 120 yípo rí, ìlà kan ṣoṣo ò lè gbà wọ́n nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ibi ìjókòó mélòó ni kí n ṣètò fún ẹgbẹ́?

Ìyá_Ìpàdé

O káre. Tò ó ní ìlà mẹ́ta tó yípo, ọ̀kan nínú ìkejì, kó o fi ọ̀nà mẹ́rin sílẹ̀ kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè dé àárín láì bẹ ẹnikẹ́ni kó gbé ẹsẹ̀. Ọ̀nà yẹn ṣe pàtàkì ju bó o ṣe rò lọ, ẹni tó bá gbọ́dọ̀ bẹ èèyàn mẹ́fà kó tó kọjá ò ní dìde. Bébà àti máàkà, ilẹ̀ àárín ni kó wà, má gbé tábìlì síbẹ̀. Ibi méjìlá, ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, ìyẹn jẹ́ àyè 36 fún àkòrí lára ògiri. Tí ogún péré bá kún, fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo, má máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kún un. Àwọn kan á tún ronú kan nǹkan lọ́sàn-án, wọ́n á wá wá àyè. Kó o sì dán gbogbo máàkà yẹn wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, èyí tó ti gbẹ máa ń dójú ti ẹni tó kọ́kọ́ jáde.